Ṣáàjì ìṣẹ́jú márùn-ún fún fóònù àti ọkọ̀ oníná: ibo gan-an ni ìdíwọ́ wà?

OlùfẹẸ̀rọ:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ ká jọ tú u dé ìsàlẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe fóònù ń bára wọn díje lórí iye wáàtì. Ní 2022, Oppo fi ṣáàjì 240W han aráyé. Ní 2023, Realme gbé fóònù 240W jáde fún títà, bátìrì 4,600 mAh (mAh ni wọ́n fi ń ka iye iná tí bátìrì ń gbà) tí kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 9 àbọ̀ kó tó kún. Ọdún yẹn náà ni Xiaomi fi 300W dán an wò, tí bátìrì 4,100 mAh kún kó tó pé ìṣẹ́jú 5. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 2024, Realme tún dé pẹ̀lú 320W: ìṣẹ́jú 4 àbọ̀ péré fún bátìrì 4,420 mAh. Àwọn ọlọ́kọ̀ náà ò sùn. Ní oṣù kẹta 2025, BYD, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Ṣáínà, ní ọkọ̀ òun lè gba iná ìrìn 400 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú 5, lórí ṣájà mẹ́gáwáàtì kan (1,000 kW). Oṣù tó tẹ̀ lé e, CATL, tó ń ṣe bátìrì ọkọ̀, ní bátìrì tòun á gba ti 520 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú 5 kan náà.

Mi ò wá polówó fóònù tàbí ọkọ̀ kankan. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé: ibo ni ìdíwọ́ wà? Ṣé nínú ṣájà ni, nínú wáyà ni, àbí nínú bátìrì fúnra rẹ̀? Kí ló dé tí fóònù á sáré dé 60%, tí á wá máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ láti 80% lọ? Àti èyí tí gbogbo èèyàn ń béèrè: ṣé bátìrì ò ní tètè kú? Ẹ̀yin tí ẹ mọ inú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ̀rọ̀.

Kẹ́místrìDùn:
Ẹ kú ìbéèrè o. Inú bátìrì ni ìdíwọ́ tó tóbi jù wà, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlànà tí bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí Sony kọ́kọ́ gbé sọ́jà ní 1991 fi ń ṣiṣẹ́ náà ni èyí tó wà nínú fóònù yín ń tẹ̀ lé lónìí. Òun ló gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místrì fún Goodenough, Whittingham àti Yoshino ní 2019. Ojú méjì ni bátìrì náà ní. Bó bá ṣófo, ojú pọ́sítíìfù ni lítíọ́ọ̀mù kóra jọ sí. Bí ẹ bá ti ki ṣájà bọ̀ ọ́, áyọ́ọ̀nù lítíọ́ọ̀mù, ìyẹn hóró lítíọ́ọ̀mù tó gbé iná dání, á kúrò níbẹ̀, á gba inú omi kẹ́míkà tó wà láàárín kọjá, á sì lọ wọ ojú nẹ́gétíìfù. Gíráfáìtì ni wọ́n fi ń ṣe ojú nẹ́gétíìfù nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ bátìrì. Kábọ́ọ̀nù tó tẹ́ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ lórí ara wọn ni gíráfáìtì, àárín àwọn pẹlẹbẹ yẹn sì ni áyọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ wọ̀ kó tó rí ibi jókòó.

Wíwọ̀ yẹn ni kò yá. Ẹni tó bá ti fi àrọ rọ epo sínú ìgò rí á mọ ohun tí mò ń sọ: ẹnu ìgò ló ń pinnu bó ṣe máa yá tó, kì í ṣe bí kẹ́ẹ̀gì tí o gbé dání ṣe tóbi tó. Bí o bá rọ ọ́ ju bí ẹnu ìgò ṣe lè gbà lọ, á ya sílẹ̀. Nínú bátìrì, áyọ́ọ̀nù tí kò ráàyè wọlé á di lítíọ́ọ̀mù gidi, irin funfun, á lẹ̀ mọ́ ara gíráfáìtì níta. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ò ní padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́, ìdí nìyẹn tí bátìrì tí wọ́n ń fipá rọ iná sí fi ń gba iná tó kéré sí i lójoojúmọ́. Èyí tó tún burú jù ni pé irin yẹn lè yọ ṣóńṣó, kó gún ìwé tín-ín-rín tó la ojú méjèèjì láàárín. Bí ojú méjèèjì bá fara kanra, bátìrì lè gbiná nìyẹn.

Ẹ̀yin náà á gbọ́ tí àwọn oníbátìrì ń dárúkọ “C”. 1C túmọ̀ sí pé bátìrì á kún ní wákàtí kan. 2C, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. 6C, ìṣẹ́jú 10. 12C, ìṣẹ́jú 5. Iye C ni kí ẹ máa wò bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyà tí bátìrì ń jẹ, torí 100W lè jẹ́ eré ọmọdé fún bátìrì kọ̀ǹpútà ńlá kó sì jẹ́ ìfìyàjẹni fún ti aago ọwọ́.

AtúnfóònùṢe:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti inú. Ẹ jẹ́ n sọ ti ara fóònù, torí òun ni mo ń tú lójoojúmọ́.

Ooru ni ọ̀tá wa. Ọkọ̀ lè gbé omi tí yóò máa tu bátìrì rẹ̀ lára kiri, fóònù ò ráàyè fún un, ọwọ́ èèyàn ló sì wà. Torí náà, ọgbọ́n bí a ṣe máa lé ooru jìnnà sí bátìrì ni gbogbo ọgbọ́n ṣáàjì kíákíá. Ọ̀nà tí Qualcomm, tó ń ṣe ṣíìpù fóònù, gbà nínú ìlànà ṣáàjì rẹ̀, Quick Charge 2.0, ni pé kí fóltì (agbára tó ń ti iná) ga nínú wáyà, kí áǹpù (iye iná tó ń ṣàn) máà pọ̀ jù. Ó dára fún wáyà, àmọ́ inú fóònù ni wọ́n ti ń já fóltì yẹn wálẹ̀, ibẹ̀ sì ni ooru ti ń jáde. Nígbà tí Oppo gbé ìlànà ṣáàjì tirẹ̀, VOOC, dé ní 2014, ó yí i padà: fóltì ò ga, áǹpù ló pọ̀, inú ṣájà tó wà lára ògiri ni wọ́n ti parí gbogbo iṣẹ́ jíjá fóltì. Ṣájà ló ń gbóná, fóònù tutù. Ìdí nìyẹn tí wáyà àti ṣájà rẹ̀ fi nípọn, tí kì í sì í bá fóònù ẹlòmíì ṣe nǹkan kan.

Ní báyìí, wọ́n ti pa méjèèjì pọ̀. Fóltì á ga nínú wáyà, ṣíìpù kan nínú fóònù á wá dá a sí méjì dọ́gba, áǹpù á sì di ìlọ́po méjì, díẹ̀ ló ń ṣòfò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń pín bátìrì sí méjì. Bí ẹ bá tú fóònù 240W yẹn, bátìrì 4,600 mAh tí wọ́n kọ síbẹ̀, 2,300 méjì tí wọ́n so tẹ̀ léra ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ìdajì. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an, torí kò sí idán kankan níbẹ̀, iṣẹ́ àfiyèsí lásán ni.

OlùfẹẸ̀rọ:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀gá AtúnfóònùṢe, ṣé 240W tí wọ́n kọ sára páálí wá ń wọ inú bátìrì lóòótọ́?

ỌmọFísíìsì:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ n ṣírò rẹ̀ fún wa.

Fóltì bátìrì fóònù máa ń wà ní nǹkan bí 3.87 bí a bá mú àárín. 4,600 mAh lọ́nà 3.87 á fún wa ní nǹkan bí 17.8 Wh (wáàtì lọ́nà wákàtí). Bí ìyẹn bá wọlé láàárín ìṣẹ́jú 9 àbọ̀, wáàtì tó ń wọlé, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ nǹkan bí 112. Kò tó ìdajì 240. Ti 320W ńkọ́? 4,420 mAh jẹ́ nǹkan bí 17.1 Wh, láàárín ìṣẹ́jú 4 àbọ̀, 228W ni ìpíndọ́gba rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, bíi 13C, ṣùgbọ́n kì í ṣe 320.

Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Iye tó ga jù lọ tí ṣájà lè tì jáde ni nọ́ńbà ara páálí. Ìgbà tí bátìrì ṣófo ni irú rẹ̀ ń wáyé, fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ojú gíráfáìtì ṣì gbòòrò nígbà náà. Bí ibi jókòó ṣe ń kún, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bátìrì á máa dín áǹpù kù. Tí fóltì bátìrì bá wá dé òkè pátápátá (4.2 fún ti àtijọ́, ti fóònù òde òní ga ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀), ẹ̀rọ náà ò ní jẹ́ kó kọjá ibẹ̀, á mú fóltì dúró sójú kan, áǹpù á sì máa rọ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí 80% sí 100% fi ń pẹ́. Bátìrì ló ń dáàbò bo ara rẹ̀.

Fún ìdí èyí, bí wọ́n bá ní kí n yan láàárín fóònù méjì, iye ìṣẹ́jú láti 20% sí 80% ni màá béèrè. Wáàtì ara páálí ò sọ bí eré náà ṣe pẹ́ tó.

Awakọ̀Oníná:
O ṣeun, àbúrò! Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó fẹ́ ra ọkọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ méjì lè kọ 250 kW sílẹ̀, kí ọ̀kan di 250 yẹn mú láti 10% dé 50%, kí èkejì dé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó sì já sí 120. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà òkè nìkan á rò pé ìbejì ni wọ́n.

Ẹ wo Hyundai Ioniq 5 tó jáde ní 2021. Wọ́n ní láti 10% sí 80%, ìṣẹ́jú 18 ni lórí ṣájà 350 kW. Fún èyí tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 77.4 kWh, 70% rẹ̀ jẹ́ 54 kWh. Pín in sí ìṣẹ́jú 18, 180 kW ni ìpíndọ́gba. Ṣájà 350 ni wọ́n so ó mọ́ o! Síbẹ̀, 180 tó dúró ṣinṣin fún ìṣẹ́jú 18, iṣẹ́ takuntakun ni, ọkọ̀ olówó gọbọi púpọ̀ ló wà tí kò lè ṣe é.

Ẹ tún jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn tí ò tíì wakọ̀ oníná rí: iná ilé yàtọ̀ sí iná ibùdó. Iná AC (èyí tó ń lọ tó ń bọ̀) ni tilé, inú ọkọ̀ ni ẹ̀rọ kékeré kan ti ń yí i padà sí DC (èyí tó ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, tí bátìrì ń gbà), 7 tàbí 11 kW sì ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà. Ní ibùdó ṣáàjì kíákíá, ẹ̀rọ ńlá tó wà níta ló ń yí i padà, DC sì ń lọ tààrà sínú bátìrì. Bí ẹ bá ra ṣájà olówó iyebíye sílé, ẹ̀rọ kékeré inú ọkọ̀ yẹn ṣì ni yóò sọ iye tí yóò wọlé.

MoNíÌbéèrè:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ti BYD yẹn ló yà mí lẹ́nu. Mẹ́gáwáàtì kan! Ṣé wáyà tí èèyàn ń fi ọwọ́ gbé ni iná yẹn ń gbà kọjá?

ÀǹtíMànàmáná:
Bẹ́ẹ̀ ni o, ìwọ MoNíÌbéèrè, ó sì yẹ kó yani lẹ́nu. Iṣẹ́ tèmi ló kàn yìí, màá sọ ọ́ dáadáa.

Ooru tó ń jáde nínú wáyà ń bá áǹpù rìn lọ́nà tó le. Bí áǹpù bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Torí náà ẹni tó bá fẹ́ fi agbára púpọ̀ ránṣẹ́ ní láti gbé fóltì sókè. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná ń lo nǹkan bí 400 fóltì. Porsche Taycan gbé 800 dé ní 2019, Hyundai àti Kia tẹ̀ lé e. BYD wá lo 1,000 fóltì, pẹ̀lú 1,000 áǹpù, ìyẹn 1,000 kW. Tó bá jẹ́ 400 fóltì ni wọ́n dúró sí, 2,500 áǹpù ni wáyà yẹn ìbá gbé, ooru rẹ̀ ìbá sì ju ìlọ́po mẹ́fà lọ. Kò sí ẹni tó máa lè fọwọ́ kàn án. Kódà bó ṣe wà yìí, wọ́n ń jẹ́ kí omi tàbí òróró máa ṣàn nínú wáyà náà kó lè tutù.

Ẹ wá wo inú ọkọ̀. Ká ní ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ló di ooru lára bátìrì. Nínú 1,000 kW, 50 kW nìyẹn, ooru tó lè mú ilé gbóná dáadáa, nínú àpótí kan tó wà lábẹ́ ìjókòó yín. Ẹ̀rọ tó ń tu bátìrì lára ti di ìdajì iṣẹ́ náà.

Àti pé, 1,000 kW fún ìṣẹ́jú 5 gbáko jẹ́ 83 kWh. Ọkọ̀ kì í jẹ gbogbo ìyẹn tán lórí 400 kìlómítà, ẹ tètè mọ̀ pé òun náà kì í dúró sí òkè ní gbogbo ìṣẹ́jú náà, gẹ́gẹ́ bí ỌmọFísíìsì ṣe wí. Ìlànà ìdánwò àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n sì fi ka kìlómítà yẹn, ó máa ń lawọ́ ju bí ọkọ̀ ṣe ń rìn lójú ọ̀nà gidi. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, mo kan sáárá sí wọn. Ohun tó ti wà lọ́wọ́ ni, ó wà lára ọkọ̀ tí wọ́n ń tà.

Abúlé_Kan:
Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, mo sì ní àtakò díẹ̀. Ṣé a nílò eré yìí rárá? Ọkọ̀ máa ń dúró jẹ́ẹ́ síbì kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Bí iná 7 kW bá wà níbi tó ń sùn sí, ilẹ̀ á mọ́ tó ti kún. Owó àti ọgbọ́n tí wọ́n ń dà sórí ìṣẹ́jú 5 yìí, ì bá dáa kí wọ́n fi tan iná kéékèèké ká gbogbo ibi tí ọkọ̀ ń sùn sí.

ÒkèPẹ̀tẹ́ẹ̀sì:
Ẹ̀gbọ́n Abúlé_Kan, ẹni tó ní àgbàlá ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Àwa tí à ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ọkọ̀ wa ń sùn sí títì, tí ẹlòmíì sì lè gba àyè ọ̀hún mọ́ wa lọ́wọ́ lálẹ́, ibo la fẹ́ ki wáyà bọ̀? Fún wa, bí ọkọ̀ ò bá lè kún láàárín ìgbà tí a fi ń mu omi, kò wúlò. Àwọn takisí náà ńkọ́, àti àwọn tó ń gbé ẹrù? Wákàtí tí ọkọ̀ wọn fi dúró, owó ń bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Abúlé_Kan:
Òótọ́ ni ti takisí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi Àǹtí: ibo ni iná náà á ti wá? Ọkọ̀ mẹ́wàá tó gba mẹ́gáwáàtì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́gáwáàtì 10 ni. Odidi àdúgbò ló ń jẹ irú ìyẹn.

ÀǹtíMànàmáná:
Ìbéèrè tó ń gba oorun lójú wa lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ìdáhùn tó ti ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ibùdó ní bátìrì ńlá tirẹ̀. Á máa fa iná díẹ̀díẹ̀ láti ara wáyà ìlú tọ̀sán tòru, nígbà tí ọkọ̀ bá dé, á da á sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wáyà ìlú ò ní mọ̀ pé ẹnì kan gba mẹ́gáwáàtì. BYD fúnra rẹ̀ sọ pé bátìrì ìpamọ́ á wà ní ibùdó tòun.

Ẹ má sì gbàgbé pé ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ lẹ́yìn. CharIN, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìlànà ṣáàjì ọkọ̀, ti ṣe ìlànà kan fún wọn tó ń jẹ́ MCS (ṣáàjì oní-mẹ́gáwáàtì): ó lè dé 1,250 fóltì àti 3,000 áǹpù, ìyẹn 3.75 mẹ́gáwáàtì fún ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni eré yìí ti wúlò jù lójú tèmi, ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Awakọ̀ akẹ́rù ní láti sinmi lójú ọ̀nà bó ti wù kó rí. Bí iná tó tó bá lè wọlé nígbà ìsinmi yẹn, kò sóhun tó ku tí epo dísù fi lè máa yangàn.

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Abúlé_Kan dé àyè kan: ẹni tó bá rí iná alẹ́, kó lò ó. Ó dín owó kù, ó rọrùn fún bátìrì, ó sì rọrùn fún wa. Ṣùgbọ́n ÒkèPẹ̀tẹ́ẹ̀sì ò lè dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa tan iná sí gbogbo títì.

OlùfẹẸ̀rọ:
Inú mi dùn sí àríyànjiyàn yìí. Ẹ jẹ́ ká padà sínú bátìrì díẹ̀. Bó bá jẹ́ gíráfáìtì ló ń dí wa lọ́wọ́, kí ló dé tí wọn ò fi nǹkan míì rọ́pò rẹ̀?

Kẹ́místrìDùn:
Wọ́n ti ń gbìyànjú ẹ̀ tipẹ́. Ohun tó bá ní kó yá máa ń gba nǹkan míì lọ́wọ́ rẹ ni.

Lítíọ́ọ̀mù títánétì ni àpẹẹrẹ tó mọ́gbọ́n wá jù. Toshiba ti ń ta á láti 2008 lábẹ́ orúkọ SCiB. Fóltì ojú nẹ́gétíìfù rẹ̀ jìnnà sí ibi tí lítíọ́ọ̀mù ti ń di irin, torí náà èyí tó ń ya sílẹ̀ yẹn kì í ṣẹlẹ̀ rárá nínú ìlò tó bójú mu. Ó ń gba iná kíákíá, ó ń pẹ́ gan-an, òtútù ò já mọ́ nǹkan fún un. Ní Geneva, wọ́n fi irú rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì TOSA, tó ń gba 600 kW fún ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20 ní ibi tí èrò ti ń wọlé tí wọ́n ń bọ́ sílẹ̀! Kí ló wá dé tí kò sí nínú fóònù yín? Fóltì bátìrì náà jẹ́ nǹkan bí 2.4 péré, iná tó lè gbé sì kéré bí a bá fi wé bó ṣe wúwo tó. Fóònù yín á nípọn, tàbí kó kú kó tó di ọ̀sán. Bọ́ọ̀sì tó ń pàdé ṣájà lójú ọ̀nà ò bìkítà fún ìyẹn.

Sílíkọ́ọ̀nù ni ẹlẹ́ẹ̀kejì. Gíráàmù kan gíráfáìtì ń gba 372 mAh. Sílíkọ́ọ̀nù lè gba nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Àmọ́ bó bá ti ń gbà á ló ń wú, ó lè wú tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tó bá sì sọ̀ tán, á fọ́ wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po díẹ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù. Fóònù tó ń lo irú bátìrì yìí ti wà lọ́jà láti 2023. Ṣùgbọ́n títóbi bátìrì ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe, ju yíyára lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ò tilẹ̀ yí kẹ́míkà padà. Ní 2019, Chao-Yang Wang àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà fi han pé bí a bá mú bátìrì gbóná dé 60°C kí ṣáàjì tó bẹ̀rẹ̀, tí a sì ṣáàjì rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 10 péré, áyọ́ọ̀nù á máa wọ gíráfáìtì wọ̀ọ́wọ̀ọ́, kò ní ya sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ooru ń ba bátìrì jẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìṣẹ́jú 10 kéré jù fún ooru yẹn láti ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀, tí bátìrì bá ti lè tutù padà lẹ́yìn rẹ̀. Fóìlì níkẹ́ẹ̀lì tín-ín-rín tí wọ́n fi sáàárín bátìrì ló ń mú un gbóná.

ỌmọFísíìsì:
Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún ti Ẹ̀gbọ́n, torí àwọn èèyàn kì í sábà sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe kun ojú bátìrì náà ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá kùn ún nípọn, iná púpọ̀ á wọ inú bátìrì, àmọ́ ọ̀nà áyọ́ọ̀nù á jìn. Bí wọ́n bá kùn ún fẹ́lẹ́, áyọ́ọ̀nù á tètè débẹ̀, àmọ́ bátìrì ńlá kan náà á gba iná tó kéré. Torí náà bí ẹ bá rí fóònù méjì tó dọ́gba ní títóbi, tí ọ̀kan jẹ́ 240W, tí èkejì jẹ́ 45W, ẹ wo mAh wọn. Ó ṣeé ṣe kí èyí tó yára ti san owó eré yẹn níbẹ̀.

MoNíÌbéèrè:
Iná ńkọ́? Ẹ̀rù fóònù tó ń gbiná ń bà mí. Mo rántí Galaxy Note 7 ti 2016.

AtúnfóònùṢe:
Ti Note 7 yẹn ò ti ọ̀dọ̀ ṣáàjì kíákíá wá. Nígbà tí Samsung ṣàlàyé rẹ̀ ní oṣù kìíní 2017, àléébù nínú bí wọ́n ṣe ya àwòrán bátìrì àti bí wọ́n ṣe tò ó ní ilé iṣẹ́ ni wọ́n sọ pé ó fà á, tí ojú méjèèjì fi ń fara kanra nínú.

Ohun tí mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà ni pé kí wọ́n ṣọ́ bátìrì tó wú. Bí ẹ̀yìn fóònù bá ti ń ṣí, tàbí ojú rẹ̀ ń yọ sókè, ẹ má ki ṣájà bọ̀ ọ́ mọ́, ì báà jẹ́ 5W. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ.

Wáyà náà ṣe pàtàkì. Wáyà USB-C tó máa gbé ju áǹpù 3 lọ gbọ́dọ̀ ní ṣíìpù kékeré kan ní ẹnu rẹ̀ tó ń sọ fún ṣájà iye tí òun lè gbé. Bí kò bá sí i, ṣájà ò ní kọjá 60W, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. USB PD, ìlànà ṣáàjì tó wà fún gbogbo ayé, ti lè dé 240W láti 2021, 48 fóltì lọ́nà áǹpù 5. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù tó ń pariwo 120W tàbí 240W, èdè tara wọn nìkan ni wọ́n ń sọ. Bí ẹ bá so wọ́n mọ́ ṣájà ẹlòmíì, wọ́n á rọ̀ padà sí PD lásán. Láti 28 oṣù kejìlá 2024 ni Yúróòpù ti sọ USB-C di dandan fún fóònù tuntun, tí wọ́n sì ní èyí tó bá ń gba iná kíákíá gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè PD. Mo gbà pé ìyẹn ló máa ran gbogbo wa lọ́wọ́ jù, ju kí ẹnì kan tún gbé 400W dé lọ.

OlùfẹẸ̀rọ:
Ó ku ìbéèrè mi tó kẹ́yìn. Ṣé bátìrì tí à ń ṣáàjì kíákíá máa ń tètè kú?

AtúnfóònùṢe:
Kò rí bẹ́ẹ̀ dandan. Realme ní bátìrì 240W òun á ṣì ní 80% lẹ́yìn tó bá ti kún tó sì tán ní ìgbà 1,600. Láti oṣù kẹfà 2025, òfin Yúróòpù béèrè ó kéré tán 800 ìgbà fún fóònù tuntun. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ ni àlàyé 1,600 yẹn ti wá, ẹ rántí ìyẹn. Ohun tí mò ń rí lórí tábìlì mi ni pé ooru àti 100% gígùn ló ń pa bátìrì ju ìyára lọ. Fóònù tí wọ́n ń ṣáàjì lábẹ́ ìrọ̀rí. Fóònù tí wọ́n fi ń ṣe géèmù nígbà tó wà lórí ṣájà. Fóònù tó wà ní 100% lórí ṣájà láti alẹ́ dé ọ̀sán.

Bí fóònù yín bá ní ibi tí ẹ ti lè sọ pé kó dúró ní 80%, ẹ lò ó ní ọjọ́ tí ẹ ò bá rìn jìnnà. Ẹ yọ àpò rẹ̀ kúrò bí ẹ bá fẹ́ kó sáré. Ní alẹ́, ṣájà kékeré ti tó, eré wo ni ẹni tó ń sùn ń sá?

Awakọ̀Oníná:
Fún ọkọ̀, ohun méjì ni. Bí ẹ bá ń lọ síbi ṣáàjì kíákíá nígbà òtútù, ẹ tẹ ibùdó náà sínú máàpù ọkọ̀ kí ẹ tó gbéra. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mú bátìrì gbóná lójú ọ̀nà, nítorí pé nínú òtútù ni gíráfáìtì ń lọ́ra jù, tí lítíọ́ọ̀mù sì tètè ń di irin. Ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ tutù lè wà lórí ṣájà 350 kW kó má gba ju 40 lọ, kí ẹ máa bínú sí ibùdó lásán. Èkejì, ẹ kúrò níbẹ̀ ní 80%. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ ń fi àkókò ṣòfò, ẹlòmíì sì wà lẹ́yìn yín tó ń dúró.

MoNíÌbéèrè:
Ti òtútù yẹn, ṣé kò sí ọ̀nà àbáyọ ni?

Kẹ́místrìDùn:
Wọ́n ń sún mọ́ ọn. Bátìrì Shenxing ẹlẹ́ẹ̀kejì tí CATL sọ ní 2025, wọ́n ní ní -10°C yóò lọ láti 5% sí 80% láàárín ìṣẹ́jú 15. Bí ìyẹn bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó rà á, màá kà á sí iṣẹ́ tó tóbi ju 12C inú yàrá ìdánwò lọ.

OlùfẹẸ̀rọ:
Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ gidigidi. Mo fẹ́ ká ṣe nǹkan kan papọ̀. Ẹni tó bá ní fóònù tàbí ọkọ̀ tó ń gba iná kíákíá, kó kọ èyí sísàlẹ̀ fún wa: orúkọ rẹ̀, wáàtì tí wọ́n kọ sára rẹ̀, iye ìṣẹ́jú láti 20% sí 80%, àti bóyá ibi tó wà tutù àbí ó gbóná. Màá to gbogbo rẹ̀ sínú tábìlì kan, màá sì gbé e sí òkè pátápátá kí ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun lè rí i.

ỌmọFísíìsì:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mAh tàbí kWh bátìrì kún un. Èmi ni màá ṣírò ìpíndọ́gba àti C rẹ̀.